Òrùka Tí Kì Í Tẹ̀

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Eilert wọ ṣọ́ọ̀bù Solrun, ìgbéyàwó rẹ̀ sì di ọ̀sán ọ̀la. Kò ní òrùka tó lè wọ̀. Jorunn, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti búra pé òun kò ní bá ọkọ tí kò ní òrùka dúró níwájú àlùfáà. Solrun nìkan ló ń ta òrùka ní erékùṣù wọn ní àríwá Nọ́wè, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ìlú Bodø sì ti ṣí láàárọ̀. Aago mẹ́ta ni Solrun máa ń ti ilẹ̀kùn.

Èjìká ni Eilert fi ti ilẹ̀kùn wọlé. Yìnyín wà lára bàtà rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n nù. Solrun na ọwọ́ kí i. Orí ló fi dáhùn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Solrun ti fi ń ta òrùka fún àwọn apẹja. Ó gbà pé kí òun tó wọn ìka ènìyàn, ojú òun ti wọn ẹni náà tán. Ó wo ẹrẹ̀ yìnyín tó ń yọ́ sórí ẹní rẹ̀.

"Mo fẹ́ òrùka ìgbéyàwó," ni Eilert wí. "Wúrà ni. Kó tín-ín-rín, kó sì rọ̀."

"Kó rọ̀ bíi kí ni? Bíi bọ́tà?"

Gudveig, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ń dúró kí wọ́n tún aago rẹ̀ ṣe, rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀.

"Kó jẹ́ èyí tí ẹ̀mú lásán lè gé," ni Eilert wí. "Ẹ̀mú tí a fi ń gé wáyà nínú ọkọ̀."

Solrun ti awò ojú rẹ̀ sókè orí. "Ọkọ ìyàwó! O ò tíì wọ̀ ọ́, o ti ń wá bí wàá ṣe gé e kúrò?"

"Ohun tí mo ń bèèrè gan-an nìyẹn, màdáámú."

"Mo ti rí ọkùnrin tí ìyàwó sú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Mo ti rí èyí tó sú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èyí tó ń wá ọ̀nà àbáyọ nígbà tó ku ọ̀la, ìwọ ni àkọ́kọ́. Òrùka tí ẹ fi ṣe àdéhùn ńkọ́? Ṣebí òun náà ni gbogbo ayé ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí o ti sọ ọ́ nù ni?"

"Kò sọnù. Ó wà nínú àpò mi."

"Nínú àpò!" Solrun kọjú sí Gudveig. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Inú àpò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí báyìí."

"Inú àpò ni ọkọ tèmi náà ń wọ̀ ọ́ sí tó bá ń lọ sí Tromsø," ni Gudveig wí. "Ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé e lọ ni mo tó mọ̀dí ẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Gudveig. Eilert dúró kí wọ́n rín in tán. Lẹ́yìn náà, ó fi eyín bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ajá tó ń fa egungun, ó sì na ọwọ́ òsì sórí tábìlì.

"Ẹ bá mi wọn ìka tọwọ́ yìí."

"Ọwọ́ òsì? Ṣé ará Swídìn ni ẹ́ ni? Níbí, ọwọ́ ọ̀tún là ń wọ òrùka ìgbéyàwó sí. Ta ló tọ́ ẹ dàgbà gan-an?"

"Òsì ni kí ẹ wọ̀n, ẹ jọ̀ọ́."

Solrun wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń yẹ ẹja tí kò ní rà wò. Lẹ́yìn náà, ó gbé àwo dúdú kan jáde.

"Fàdákà rèé, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Wúrà rèé. Fi fa okùn lọ́jọ́ kan péré, á tẹ̀ bí ìdérí agolo. Wúrà tín-ín-rín lọ́wọ́ apẹja? Ẹlẹ́yà ni." Ó fi ìka ti òrùka aláwọ̀ eérú kan síwájú. "Títáníọ̀mù. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Kì í tẹ̀, kì í ṣeé gé, ìlà kì í hàn lára rẹ̀. Ó yẹ irú ẹ, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀mú bọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tà á, ẹyọ kan ṣoṣo ò tíì padà wá bá mi."

"Tó bá wá kọ́ okùn àwọ̀n, tí ẹ̀rọ sì ń fà á lọ ńkọ́?"

"Okùn ni yóò já. Òrùka ò ní ṣe nǹkan kan."

"Ẹ ní okùn ni yóò já."

"Ṣé etí ẹ di ni? Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyàwó apẹja nìyẹn, wọ́n sì ń dúpẹ́."

"Jorunn wà lára wọn," ni Eilert wí. "Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Wúrà ló wá rà fún mi."

Solrun rántí: ọmọbìnrin onífìlà pupa kan. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Solrun fi yí i lérò padà kúrò lórí wúrà.

"Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ nìyẹn," ni ó wí. "Yọ ọ́ síta nínú àpò, kí o wọ̀ ọ́, kí o sì jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi."

Eilert fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ nínú àpò, ó sì gbé òrùka aláwọ̀ eérú kan tí àmì ṣọ́ọ̀bù Solrun wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì: ó ṣì yípo rekete, kò tẹ̀, kò ní ìlà kankan lára, ṣùgbọ́n láàárín ìka àárín àti ọmọńdinrín ọwọ́ tó gbé e kalẹ̀, kò sí ìka kankan níbẹ̀ mọ́.