Ọta Inú Ìgò

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun.

Inú Bàbá ń dùn lónìí. Ọ̀gá wọn lójú ogun ló jókòó gbọ́ ẹjọ́. "Ọ̀rọ̀ bùṣe," ni wọ́n ń sọ látàárọ̀.

"Sájẹ́ńtì, ẹ̀rí dà?"

Bàbá gbé ìgò kékeré kan lé tábìlì. Ọta tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára wọn ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ló gbà wọlé, sà."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ìgò náà.

"Ta ló tún ti rí i?"

"Ọmọ mi yìí nìkan, sà."

Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.

Bàbá kọjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí ọ̀gá mi yìí? Lọ́jọ́ tíbọn bà mí, iwájú ni gbogbo àwọn ọ̀tá wà. Òun nìkan ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi."