Àyẹ̀wò Tí Akinlàbí Pa Tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó Akinlàbí ní ìlú wa, àmọ́ kì í gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun ni ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ fún pé kó ṣe ètò tí yóò máa béèrè èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti ga ju bó ṣe yẹ, àmì pupa yóò yọ, nọ́ọ̀sì yóò sì sáré pe dókítà.

Akinlàbí kọ ọ́ sínú ètò náà pé nọ́ńbà ni èsì yóò máa jẹ́. Mojírayọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní èyí kò tó.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò bó bá ṣe ń dé."

"Kò pọn dandan," ni Akinlàbí wí. "Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí i kì í gba gàrí lọ́wọ́ awakọ̀ láìtú àpò níwájú rẹ̀, kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sára àpò, màmá á ní ọwọ́ òun ni yóò sọ. Ó dùn mí pé ọmọ rẹ̀ ń wo èyí láti kékeré, kò sì fi kọ́gbọ́n.

Nígbà tó yá, ilé àyẹ̀wò ra ẹ̀rọ tuntun. Bí ṣúgà bá ga kọjá ohun tí ẹ̀rọ yìí lè kà, kì í kọ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ: "Ó ga jù." Ètò Akinlàbí kò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wé nọ́ńbà, kò sì sí ohun tó dá ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò yọ àmì kankan.

Ẹni àkọ́kọ́ tí irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde fún ni ìyá Akinlàbí. Nọ́ọ̀sì wo ojú kọ̀ǹpútà, kò rí pupa, ó ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi." Màmá délé, ó sùn, kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, awakọ̀ kan gbé àpò gàrí tí màmá ti ránṣẹ́ rà wá. Akinlàbí tú u níwájú rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Gàrí náà dára. Ó jókòó ti àpò náà, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìlérí gba ẹrù. Ẹ yẹ ohun tó bá dé ọwọ́ yín wò, kódà bí wọ́n bá ní kò pọn dandan, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹni tó kéré sí yín. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.