Bọ́tìnnì Má Lọ

“Ẹ̀gbọ́n, máàkì mélòó lẹ máa fún apá karùn-ún géèmù yìí?” ni ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì bi alárìíwísí géèmù kan. “Àbí ẹ tún fẹ́ kun ún bí ẹran bíi ti mẹ́rin àkọ́kọ́?”

“Fara balẹ̀ ná, jẹ́ n ṣe é tán.”

Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé irọ́ funfun báláú ni ìtàn inú géèmù yìí, pé kò sí ọkọ tó lè dákẹ́ mọ́ ìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ní báyìí, ìyàwó inú géèmù ti gbé àpótí rẹ̀. Lórí tábìlì ni ife aláwọ̀ ewé kan wà, tí wọ́n fi òwú pupa so etí rẹ̀ tó kán.

Irú ife yẹn gan-an ṣì wà nílé alárìíwísí, níbi tí ìyàwó rẹ̀ gbé e sí lọ́jọ́ tó lọ. Ó wá mọ ẹni tó kọ ìtàn náà.

“Ṣé o ò ní sọ nǹkan kan ni?” ni ìyàwó inú géèmù bi í.

Bọ́tìnnì kan yọ lójú géèmù: MÁ LỌ. Omijé ti bò ó lójú kó tó rí i tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti pa dé.

“Bọ́tìnnì yìí ò ṣiṣẹ́ o.”

“Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni.”