Ọmọ Tó Ń Jẹun Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, aṣọ oníbàárà kún orí okùn láti ògiri dé ògiri. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wálé. Àwọn oníbàárà á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á gba aṣọ wọn, wọ́n á lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "ẹ ṣé, ó dàbọ̀" nìkan ni ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà bá a sọ láti òwúrọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló ń bá a gbé, ọmọ náà kò sì tíì lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, wọ́n sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé ọmú nìkan kò tó mọ́, kí ó máa fi oúnjẹ rírọ̀ kún un. Ó se kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi ṣíbí bù ú sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ fi ahọ́n tì í jáde. Ó tún bù ú, ọmọ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló dán an wò. Ó gbé ọmú fún un, ó ní, "Ó dáa, ìyá mi, ìwọ lo mọ ohun tó o fẹ́."

2.
Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ kan lórí fóònù. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ wọn nídìí àwo ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan bi í pé, "Alágbàfọ̀ wa, tìẹ ńkọ́? Àbí búkà àyà náà ló ṣì ti ń jẹun?" Gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó mú oúnjẹ, ó fi kun ọmọ ní ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé ṣíbí síwájú ẹnu rẹ̀, ó ya fọ́tò. Kíá ló fi aṣọ tútù nù ún kúrò. Ó kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Ó jẹ àwo kan tán, ó tún ń nawọ́."

Ìyìn dà wọlé. "Ọmọ gidi." "Kọ́ wa, ọ̀gá." Àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀ ju àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ lóṣù kan lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀gá Ṣíbí.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń kùn, tó ń yà, tó ń nù. Wọ́n ń bi í léèrè, ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n: "Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ le mọ́ wọn. Ọmọ tí kò bá jẹun, ìyá rẹ̀ ló gbà á láyè." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìyá ló ń jẹun nínú ilé yẹn, ìyìn ló ń jẹ. Ọmọ ń rù.

3.
Nígbà tí wọ́n wọn ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, ìlà ìwọ̀n inú káàdì rẹ̀ kò gòkè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Dókítà bi ìyá pé kí ni ọmọ ń jẹ. Ó ṣí fóònù, ó fi fọ́tò hàn án, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Dókítà ní, "Gbogbo oúnjẹ yìí? A jẹ́ pé àìsàn kan ló ń bá a jẹ ẹ́."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí kò sí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n dá a dúró. Wọn kò rí iṣan tí wọn yóò gún abẹ́rẹ́ omi sí ní ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wá a lọ sí orí, wọ́n ní kí ìyá di orí náà mú. Ó dì í mú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ, ọmọ ì bá bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Kò sọ ọ́.

4.
Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé àwo àti ṣíbí wá. Bí ọmọ ti rí ṣíbí, ó di ojú, ó pa ẹnu pọ̀, ó sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ síta bí ẹni tó ń dúró de aṣọ ìnujú. Nọ́ọ̀sì wò ó títí.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí nírú èyí?"

Ìyá ń tún aṣọ ọmọ ṣe.

"Ọmọ mi, èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí. Ṣé ó ti jẹun rí?"

"Rárá, mà."

Nọ́ọ̀sì gbé àwo sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo dán an wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ọmọ lè kọ oúnjẹ kan nígbà mẹ́wàá kó tó gbà á. Ọmú ò ní kúrò, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mu ún yó kó o tó gbé oúnjẹ wá. Gbé e sórí ẹsẹ̀, jẹ níṣojú ẹ̀, jẹ́ kó tọwọ́ bọ àwo. Tó bá yíjú, fi sílẹ̀ dọ̀la."

"Ṣé ẹ máa sọ fún dókítà, mà?"

"Ìwọ lo máa sọ. Màá dúró tì ẹ́."

Ó sọ ọ́. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́, wọ́n fún ọmọ ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣíbí ti wọ ọmọ náà lára. Ó di ọjọ́ kọkànlá kó tó lá oúnjẹ lórí ìka ara rẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà tí ìyá rẹ̀ lè yíjú sí kó sọ fún.

5.
Ó kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Nígbà tó ṣe, obìnrin kan kọ̀wé: "Ọmọ tèmi náà kì í jẹun. Fọ́tò ọmọ ẹ ni mò ń wò tí mo fi ń nà án. Oṣù méje ni ọmọ náà."

Obìnrin yẹn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Alágbàfọ̀ kọ̀wé sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí dòní. Àwọn yòókù kò pè é ní ohunkóhun mọ́.

Ìyá ọlọ́mọ, bí ọmọ rẹ kò bá jẹun, sọ pé kò jẹun. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Irọ́ tó o pa fún ẹgbẹ́ rẹ ni wàá tún pa fún dókítà, ara ọmọ ni wọn yóò sì fi wá òtítọ́. Má lu ọmọ nítorí oúnjẹ, má sì fi fọ́tò ẹlòmíràn wọn ọmọ tìrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ obìnrin kan tó ń dá tọ́ ọmọ, ẹ yé béèrè fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gun àtẹ̀gùn lọ bá a, kí ẹ jókòó tì í nígbà tí ọmọ bá ń tu oúnjẹ dànù.