Ọjọ́ Tí Adìẹ Rìn

Bàbá Ato-eegun tú igi tó fi di ẹsẹ̀ adìẹ, ó gbé e sílẹ̀ lójúde rẹ̀ ní Ẹdẹ. Ọjọ́ tó ṣẹ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀ ló di ẹsẹ̀ Qúdrát, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, oògùn kan náà ló sì fi ra ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ọmọ náà á rìn.

Adìẹ rìn.

"Àlùhámúdùlílàhì!" Ìyá Qúdrát kúnlẹ̀. "Bàbá, dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ yìí o! Ó ní jẹjẹrẹ ni, pé nǹkan kan nínú eegun ẹ̀ ń pàṣẹ fún jẹjẹrẹ ọ̀hún pé kó máa hù láìdúró, kó sì máa ràn kiri ara."

"Kiri ibo?"

"Ó ní tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, á máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ló ń dun ọmọ, àyà ni wọ́n ń sọ!"

Lẹ́yìn wọn, Qúdrát wúkọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yára nù ún sábẹ́ híjáàbù.

"Qúdrát, ṣé o rí i?" ìyá rẹ̀ yíjú sí i.

"Mo rí i, Màámi," ó ní. "Adìẹ yẹn ń rìn dáadáa."