Bọ́tìnì Mẹ́sàn-án

Obìnrin kẹsàn-án nìyí tó gbé búláòsì tí bọ́tìnì rẹ̀ já wá.

Aránṣọ méjì ló wà lábúlé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ yìí ni gbogbo wọn ń gbé e wá.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ọ́fíìsì alága, mà. Mo lọ gba ìwé ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Alága tilẹ̀kùn mọ́ mi sínú."

"Bọ́tìnì ẹ ńkọ́?"

"Mi ò dúró wá a."

Ìyá aránṣọ gba búláòsì náà. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn olùwádìí dé láti ìlú. Alága gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Wọ́n ní mo fipá bá àwọn lò pọ̀. Ẹ̀rí dà?"

Ìyá aránṣọ dìde, ó da agolo kan sórí tábìlì. Bọ́tìnì mẹ́sàn-án ni, òwú ṣì wà lára wọn. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá búláòsì àwọn obìnrin náà mu.

"Níbo lẹ ti rí wọn, mà?" olùwádìí kan bi í.

"Nílẹ̀ ọ́fíìsì alága. Èmi ni mò ń gbá a."

"Ṣé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yín?"

"Rárá o. Ọkọ mi ni ò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbá ọ́fíìsì rẹ̀."