Oko Àkéré

Àlọ́ yìí rìn títí, ó kan Àkéré olórin, nílùú kan tí wọn kì í gbọ́ orin kí wọ́n má gbè é.

Wọ́n ń ṣe àáró níbẹ̀: lónìí wọ́n á ro oko Òkété, lọ́la wọ́n á ro ti Ìgalà. Orin Àkéré ni ọwọ́ gbogbo wọn fi ń yá. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí wọ́n wá ro tòun, Òkété á ní, "Àwa ń ṣiṣẹ́, ìwọ ń ṣeré. Àáró ò kan eléré."

Koríko bo iṣu Àkéré. Kò bá wọn jà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń parí oko Ìgalà, ó dá orin tuntun:

Ta ló ro t'Òkété?
*Gbogbo wa ni.*
Ta ló ro t'Ìgalà?
*Gbogbo wa ni.*
Ta ni yóò ro t'Àkéré?
*Gbogbo wa ni.*

Orin náà dùn débi pé wọ́n ti gbè é lẹ́ẹ̀mẹfà kí Òkété tó fetí sí ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

Ìgalà gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. "Ẹnu wa náà la fi gbè é," ló wí. "Àkéré, ọ̀nà oko rẹ dà?"

Àkéré bọ́ síwájú, ó ń kọrin lọ.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbè é.